Màmá mi lórí ẹrẹ̀ òkun Chalkwell

Ìyá mi kò fẹ́ bá wa lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tí a wá kí ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ pé òun kò níṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, pé kí gbogbo wa di oúnjẹ, ká wọ rélùwéè lọ sétí òkun ní Túsìdeè, Màmá ní ká máa lọ, pé òun á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ Ayétòrò ni wọ́n kò ní bi wọ́n ní ìdí.

Ayétòrò wà létí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n jọ ń jẹ nínú ohun tí wọ́n bá rí. Pákó ni wọ́n tò ṣe títì, nítorí pé ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òkun ti ń jẹ ìlú náà, ilé lẹ́yìn ilé. Ibi tí Màmá ti kọ́ ìwé kíkà, ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Àwọn ẹbí wa tó ṣì wà níbẹ̀ ń ṣí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni. Látìgbà tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Súrùlérè, mi ò gbọ́ kí Màmá dárúkọ òkun láìmí kanlẹ̀.

Èmi náà ò fi òkun ṣeré. Èkó ni mo ti bí àwọn ọmọ mi méjèèjì, mi ò sì jẹ́ kí omi Elégúshì kọjá kókósẹ̀ wọn rí. Ìgbì ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti rántí ìgbà tí omi Bar Beach ń rọ́ wọ títì Ahmadu Bello á mọ ohun tí mò ń wí.

Oúnjẹ ló mú Màmá gbà láti lọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sè sínú kúlà, Màmá sì ní ta ló ń jẹ ìrẹsì létí omi, ṣé ká máa ṣa iyanrìn nínú rẹ̀ ni? Wọ́n ní gààrì ni oúnjẹ etí òkun. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ nìyẹn. A din ẹja Títù lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, a ṣí gbogbo fèrèsé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì dúró sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbóòórùn èéfín, ó ń fi tówẹ̀lì fẹ́ ẹ. A se ẹyin, a di búrẹ́dì, a yan ẹ̀pà. Gààrì Ìjẹ̀bú tí mo gbé wá láti Èkó ni Màmá fúnra wọn dì sínú ọ̀rá, wọ́n tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó. Yìnyín kún fúláàsì méjì. Kò sí ohun mìíràn nínú báàgì náà àyàfi ṣúgà, ife, ṣíbí àti àǹkárá ńlá kan tí a máa tẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti di gbogbo ìyẹn kò lè jókòó sílé mọ́.

Rélùwéè c2c gba Barking kọjá lọ sí Southend, ìlú etí òkun. Nígbà tí ẹ bá ti kọjá Leigh, omi dé bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibùdókọ̀ Chalkwell sì wà létí òkun gan-an, ẹ kàn máa sọ̀kalẹ̀ ni. Aago mọ́kànlá ti lé díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi sáré dé orí odi, ó dúró. Ó ní, “Mọ́mì, òkun dà?”

Òkun ò sí níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ó tẹ́ lọ títí, ó ń dán, àwọn ọkọ̀ kéékèèké dùbúlẹ̀ lé e lórí, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn ẹyẹ òkun ń ṣa nǹkan jẹ láàárín wọn. Lọ́nà jíjìn réré la ti rí omi bíi tẹ́ẹ́rẹ́ ìlà, òkè Kent sì wà lódìkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé. Ní Èkó, láàárín ìgbà tí omi bá kún àti ìgbà tó bá fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kíyè sí i. Ní Southend, ó lè ju mítà márùn-ún lọ nígbà oṣù tuntun àti ìgbà tí òṣùpá bá kún. Òkun Àríwá (North Sea) ń fún pọ̀ bó ṣe ń bọ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, ẹnu odò Thames tún fún un mọ́ra sí i, omi kò ríbi yà sí, àfi kó ga. Ilẹ̀ ibẹ̀ wá tẹ́jú, nítorí náà bó bá fà, ó lè lọ tó kìlómítà kan ààbọ̀. Afárá gígùn tí a ń wò lápá òsì wa, tí wọ́n ń pè ní píà, ìdí tó fi gùn tó kìlómítà méjì lé díẹ̀ nìyẹn: bí omi bá ti fà, ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ ìlú. Ọdún 1830 ni wọ́n fi pákó kọ́ èyí àkọ́kọ́, onírin tó wà níbẹ̀ báyìí ṣí ní 1889.

Màmá ò gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń bọ́ bàtà. Wọ́n ká ìró wọn dé orúnkún, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, mi ò rí i kí wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ rí ní Súrùlérè, níbi tí wọ́n ti máa ń di ara ògiri mú bọ́ sí ilé ìwẹ̀. Ọmọ mi àgbà tẹ̀lé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì, ó lọgun. Màmá yí padà: “Má fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kàn án. Má dúró lójú kan, ẹrẹ̀ máa ń gbé ẹni tó bá dúró.” Etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ ni ti Ìlàjẹ, kì í ṣe oníyanrìn bíi ti Èkó. Orí irú ilẹ̀ yìí ni ìyá mi ti kọ́ ìrìn.

Wọ́n rìn dé ibi òpó òkúta gíga kan tí wọ́n ń pè ní Crow Stone, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1837 láti fi ṣe ààlà ibi tí àṣẹ ìlú Lọ́ńdọ̀nù lórí odò Thames parí sí. Wọ́n fọwọ́ kan òkúta náà, wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo aago ní gbogbo àkókò yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn jìnnà. Omi náà máa ń gba ẹ̀yìn yọ sí ènìyàn, á kún inú àwọn kòtò tí ẹ ti kọjá, ẹ ò sì ní mọ̀. Àwọn agbẹ̀mílà RNLI ní ọkọ̀ kan ní Southend tó ń fi afẹ́fẹ́ sáré lórí ẹrẹ̀ nítorí irú èyí.

Nígbà tí Màmá padà, kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Odi ni wọ́n ń wò. Odi kọnkéré ni, ó tẹ̀lé etí omi lọ títí, rélùwéè ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn lù ú. Wọ́n na apá wọn sókè láti mọ bó ṣe ga tó. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé omi yẹn ń gun orí odi yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá ìfọ́nká rẹ̀, bí ìjì bá jà. Màmá ní, “Irú èyí náà là ń bẹ̀ wọ́n fún.” Mo mọ̀ pé ìjọba ni wọ́n ń bá wí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni a ti ń gbọ́ pé odi Ayétòrò ń bọ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Rélùwéè rí odi tó dáàbò bò ó, ìlú odindi kò rí.

Lẹ́yìn náà la jẹun. Oòrùn mú, afẹ́fẹ́ sì tutù, gààrì náà kan, yìnyín ń dún nínú ife. Màmá ya ẹja sí méjì méjì bíi pé ilé ìnáwó la wà, wọ́n fún olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí sí Barking, tí kì í jẹ gààrì nílé, mu ife kan, ó tún gbé ife rẹ̀ wá. Ẹyẹ òkun kan já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn mi, ó sì sunkún títí tí a fi ra áísìkirimù fún un.

Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, omi ti dé, àwọn ọkọ̀ ti dìde. Kò sí ìgbì, ó kàn ń gòkè jẹ́jẹ́ ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọ òkun dé àyà. Omi náà tutù débi pé wọ́n ń pariwo. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi, wọ́n ń pe àbúrò wọn ní Ayétòrò lórí WhatsApp, wọ́n yí fóònù sí odi náà kó lè rí i láti òkè dé ilẹ̀. Àbúrò wọn bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó dáhùn.

Nínú rélùwéè, Màmá ní kí n bá àwọn wo ìgbà tí omi máa kún ní Sátidé. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Wọ́n ní a óò tètè jáde, pé gààrì tó kù ò tó, kí ẹ̀gbọ́n mi rà sí i.