Pupa Tó Dúdú

Sátidé tó kọjá ni màámi bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí dáhùn. Wọ́n mú iná wá ní Kubwa wa lẹ́bàá Abuja lọ́jọ́ yẹn, iná gidi tó ń gbé fíríìjì, kì í ṣe èyí tó máa ń ṣẹ́jú, mo wá ní kí n yáa wo fíìmù tí gbogbo ayé ti wò tí èmi ṣì ń sọ pé màá wò, The Shawshank Redemption. Ọdún 1994 ló jáde, mo mọ̀, ẹ má bú mi. Màámi wà lórí àga wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ òyìnbó orí tẹlifíṣọ̀n ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tí wọn kì í fojú bá lọ. Ó wá kan ibi tí Tim Robbins, tó ń ṣe Andy, lọ bá Morgan Freeman ní gbàgede ọgbà ẹ̀wọ̀n, Freeman ní Red ni wọ́n ń pe òun.

Màámi ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo ní Red. Pupa.

Wọ́n dá ọwọ́ ẹ̀wà dúró. "Ta ló pupa níbẹ̀? Ẹni tó dúdú báyìí?"

Mo ní ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ o, Andy náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ni, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà wá ní bóyá torí pé ọmọ Ireland lòun ni. Mo rẹ́rìn-ín. Màámi ò rín. "Níbo ló ń jẹ́ Ireland?" Bí fíìmù ṣe di kíláàsì jógíráfì nìyẹn, mo ń fi ọwọ́ ya Lọ́ńdọ̀nù sára àga, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń bá tiwọn lọ.

Ìgbà tí wọ́n sùn tán ni mo wá rò ó dáadáa. Inú ìwé Stephen King kan tó jáde lọ́dún 1982 ni ìtàn yẹn ti wá, Red inú ìwé yẹn sì jẹ́ òyìnbó, ọmọ Ireland, irun orí ẹ̀ pupa. Kò sí wàhálà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ìgbà tí Frank Darabont wá fẹ́ fi ṣe fíìmù, Morgan Freeman ló fún níṣẹ́, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó fi ọ̀rọ̀ Ireland náà sílẹ̀, ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ìwé wá di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu Freeman. Tí ẹ bá fetí sílẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ níwájú àwọn tó ń pinnu bóyá kí wọ́n dá a sílẹ̀ pé Ellis Boyd Redding ni orúkọ ẹ̀. Redding, Red, ìdáhùn kúkú ti wà níbẹ̀. Kò sọ ọ́ o, Ireland ló mú. (Fọ́tò ìgbà èwe tó wà lára fáìlì ẹ̀ yẹn, Alfonso ọmọ Freeman gan-an ni. Kò kan ọ̀rọ̀ wa, ó kàn dùn mọ́ mi ni.)

Ohun tí mo wá rí ni pé ìbéèrè màámi àti ti Andy kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ohun tó ya Andy lẹ́nu ni pé adúláwọ̀ ń jẹ́ Red. Ìyẹn ò lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àdúgbò wo ni ò ní Bọ̀dá Pupa tàbí Ìyá Pupa, àwa tí a máa ń ki èèyàn ní apọ́nbéporẹ́? Pupa tiwa gba èrò ju red tiwọn lọ. Epo wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ata rodo tó pọ́n wà níbẹ̀, ara ẹni tó mọ́ wà níbẹ̀, yẹ́lò gan-an, pupa rúsúrúsú la máa ń pè é. Àní irun òyìnbó tí wọ́n ń pè ní red yẹn, ẹ tún un wò dáadáa, àwọ̀ kárọ́ọ̀tì ni. Nítorí náà màámi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé èèyàn dúdú ń jẹ́ Pupa, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé láàárín àwa dúdú, ti Freeman kọ́ ni pupa.

Àwọn fúnra wọn ló sì yanjú ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé lọ sùn. Wọ́n gbé atẹ wọn, wọ́n ní, "Á jẹ́ pé bíi ti Pupa télọ̀ ni."

Ẹ̀yin ò mọ Pupa télọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa ni, ẹgbẹ́ mi ni, nítòsí ọjà Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ó sì dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Orúkọ yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Alhaji kan, ọmọ Ọ̀ffà, ló ni ṣọ́ọ̀bù yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n pupa, pupa bí ẹni pé epo ni wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n ní kékeré, àwọn ni wọ́n sì kọ PUPA gàdàgbà sára pátákó. Ìgbà tí Alhaji fẹ́ padà sílé lọ́dún 2012, wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ iṣẹ́ wọn, òun àti máṣíìnì méjì, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan, àti pátákó. Ọmọ iṣẹ́ yẹn kò lówó tó máa fi kun pátákó míì, ó ní tó bá yá òun máa kùn ún. Kò tíì yá. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé òun kọ́ ni Pupa o, Pupa ti relé, ọmọ iṣẹ́ wọn lòun, àwọn èèyàn á ní háà, wọ́n á ká aṣọ wọn padà sínú ọ̀rá, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ mọ irú "à ń bọ̀" yẹn. Ìgbà tí ebi ń bọ̀ ló panu mọ́. Ẹ bá ti yọjú kí ẹ ní "Pupa dà?" á ní "Èmi rèé."

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn oníbàárà Haúsá tí wọ́n máa ń wá rán babban riga, agbádá wọn, fún Sálà. Ja ni pupa lédè wọn, ẹni tó bá pupa lára ni wọ́n máa ń pè ní Jatau, àwọn náà ti túmọ̀ pátákó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá arúgbó kan wọlé tó wo pátákó, ó wo Pupa, ó tún padà wo pátákó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Jatau!" Pupa ní "Na'am, Baba," ó sì na téèpù mọ́ wọn léjìká.

Láti alẹ́ yẹn ni mo ti ń ṣa àwọn Red jọ bíi ti màámi pẹ̀lú ẹ̀wà. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni James Spader inú The Blacklist, 2013 sí 2023, sísìn mẹ́wàá gbáko, ọ̀daràn tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá FBI, tó kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní kó kúnlẹ̀. Ti ìyẹn ò le, Raymond Reddington ni, wọ́n gé orúkọ bàbá ẹ̀ kúrú. Lọ́dún 2013 yẹn kan náà ni Orange Is the New Black bẹ̀rẹ̀, Kate Mulgrew ló ń ṣe Red níbẹ̀, obìnrin Rọ́ṣíà tó ń jọba ní kíṣìnì ọgbà ẹ̀wọ̀n, ti ìyẹn jẹ́ ti irun, ó kùn ún pupa fòò. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n, ó ní oúnjẹ ò dáa, kò mọ̀ pé ojú ẹni tó ń dáná gan-an lòun ti ń sọ ọ́. Ebi ni obìnrin yẹn fi pa á. Kò lù ú o, kò bú u, ó kàn ṣáà ní kí wọ́n má fún un lóúnjẹ. Ó tún wá ku Red Forman inú That '70s Show, 1998 sí 2006, Reginald ni wọ́n sọ ọ́, Kurtwood Smith ló ṣe é. Orí ẹ̀ ti pá débi pé kò sí irun tí èèyàn máa fi ṣe ẹ̀rí. Òun ló jọ bàbá Yorùbá jù nínú gbogbo wọn, ọmọ ẹ̀ ò ní ṣe nǹkan kan dáadáa lójú ẹ̀ láéláé, bó bá sì ti yà sọ́tùn-ún báyìí, á ní òun máa fi bàtà gbá a nídìí.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá oníbàtà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn mẹ́ta tó kù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe! Red ti Freeman, òun ló ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá nǹkan wọlé, sìgá, pósítà, àti òòlù kékeré kan tí mi ò ní sọ ohun tó ṣe torí àwọn tí ò tíì wò ó. Red ti kíṣìnì, àárín àpótí oúnjẹ ni ẹrù tiẹ̀ ń gbà wọlé. Reddington ní tiẹ̀, gbogbo òwò ẹ̀ ò ju pé ó mọ ẹni tó mọ ẹnì kan. Tí nǹkan bá sọnù, tí nǹkan bá ṣòroó rí, tí òfin bá ní kí ẹ má ní in, Red ni wọ́n máa ní kí ẹ lọ bá.

Pupa tiwa náà ńkọ́? Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́pọ̀ ìgbà tí kò sí aṣọ lọ́wọ́ mi. Yàrá kan tí ò wọ́n jù ní Byazhin, lọ bá Pupa. Ẹni tó mọ jẹnẹrétọ̀ tún ṣe tí ò ní yọ páàtì ẹ̀ lọ, lọ bá Pupa. Lásìkò tí tíkẹ́ẹ̀tì reluwé Kàdúná di góòlù, tí àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ tíṣọ̀n Kubwa gan-an ò rí i rà, Pupa máa tẹ ẹnì kan láago, á sọ Haúsá díẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹ lọ dúró síbì kan. Kò gba owó lórí ẹ̀ rí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó máa ń fi bùbá mi pamọ́ fún oṣù méjì, bóyá ibẹ̀ ló ti ń gba tiẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ẹni tó gbé ayé rí ni. Fíìmù Spike Lee lórí Malcolm X, ajìjàgbara adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, 1992, tí Denzel Washington ṣe, ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó tó gba ẹ̀sìn, ìgbà tó ń wọ kóòtù gígùn tó ń ṣe jàgùdà. Detroit Red ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn lóòótọ́. Irun orí ẹ̀ ní pupa nínú torí òyìnbó ni bàbá tó bí ìyá ẹ̀, ọmọ Grenada ni ìyá yẹn. Ó dé Harlem, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní New York, ó bá Red méjì níbẹ̀, St. Louis Red àti Chicago Red, ó di dandan kó mú ìlú kan mọ́ tiẹ̀. Lansing ní Michigan ló ti wá. Ta ló mọ Lansing? Ó yáa ní Detroit ni, bí àwa ará Kubwa ṣe máa ń sọ fún ará ilé pé Abuja là ń gbé. Chicago Red yẹn náà ló padà di Redd Foxx, aláwàdà tó ṣe Sanford and Son láti 1972 sí 1977, àwọn méjèèjì sì jọ ṣiṣẹ́ rí nílé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta adìẹ dídín ní Harlem. Mo kà á tán, mo ní wallahi, Yorùbá làwọn wọ̀nyí. Ṣé kì í ṣe bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn? Bàbá lásán ò lè tó, èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, ló fi jẹ́ Moses Ọláìyá ni Bàbá Sàlá, Babátúndé Ọmídínà ni Bàbá Sùwé, tí ẹ bá sì bi ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí ní orúkọ àbísọ wọn, orí ni wọ́n máa fi họ.

Ó ku ẹyọ kan kí n tó lọ ká ẹ̀wà tí mo fi sórí iná. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, Alhaji wá síbí fún ìgbéyàwó kan, wọ́n yà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ti wà lórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀, bùbá mi ni mo bá lọ. Alhaji jókòó, ọ̀gá ń wo iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́, wọ́n ń fi ìka fa ojú rírán wò, Pupa ń làágùn bí ẹni tó ń ṣèdánwò. Ni ìyá tó ń ta kókó lódìkejì bá pariwo, "Pupa o!"

Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ̀ẹ́n?"

Pupa wa já sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ, "Ẹ má bínú, Alhaji." Alhaji rẹ́rìn-ín títí tí fìlà fi ṣí lórí wọn. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí nílé. Wọ́n ní Abuja. Mo ní ìyẹn dáa. Wọ́n ní kò dáa tó bẹ́ẹ̀, mẹ́ta làwọn tó ti Abuja dé ládùúgbò wọn, gbogbo wọn ló sì ń jẹ́ Abuja, ọ̀rọ̀ wá ń di wàhálà, wọ́n ń gbé iṣẹ́ tẹ́nì kan jẹ́ fún ẹlòmíì, ọ̀kan wá di Abuja Onímọ́tò, ọ̀kan di Abuja Kékeré.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Alhaji?"

"Abuja Pupa."

Wọ́n ní kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbé inú Abuja gan-an rí. Onímọ́tò, Nyanya ni. Kékeré, Mararaba ni, ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn o. Pupa gbé sísọ́ọ̀sì ẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku bọ́tìnnì nìkan.