Ojú Irin Ìfági: Sí Ẹ̀yin Káfíńtà Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Òmìnira

Ẹ̀yin àbúrò mi, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń di ayùn mú tàbí bí a ṣe ń wọn pákó, nítorí pé ọ̀gá yín ti ṣe ìyẹn. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni irin ìfági tí mo ń rí ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí ẹnu rẹ̀ ti di búlúù, tí ẹ sì ń fi tipátipá tì í lórí ìrókò.

Èkíní, irin tuntun kò tíì ṣe é lò bí ẹ ṣe rà á. Ẹ lọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí òkúta ìpọ́nrin títí ẹ̀yìn náà yóò fi tẹ́jú, kí ẹ lọ ojú rẹ̀ ní igun 25 dígírì, kí ẹ sì wá pọ́n ẹnu rẹ̀ gan-an ní 30. Èkejì, irin tí ó bo irin ìfági lórí kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnu rẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ; lórí ìrókò àti ọ̀gànwó, tí iṣan wọn máa ń kọ ara wọn, ẹ tún sún un mọ́ ọn sí i.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọrin. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ilẹ̀kùn ìrókò kan dé, oníbàárà sì ti san owó pákó. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù kò ní sùúrù òkúta. Ó gbé irin lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ títí ó fi yí àwọ̀. Mo sọ fún un pé irin náà ti jóná. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́, kí n máa fági.

Irin tí ooru rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 300 dígírì ti pàdánù líle rẹ̀, àwọ̀ búlúù yẹn sì ni ẹ̀rí. Ó lè mú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kú. Ìrókò ní tirẹ̀ máa ń ní òkúta nínú, láti ara èròjà kan náà tí èèpo ẹyin fi le, èyí tí ń ba ojú irin tí ó dára pàápàá jẹ́. Kò pẹ́ tí ẹnu irin wa fi ká, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tí ó sì jinlẹ̀ kọjá ohun tí sáńpépà lè tún ṣe. Oníbàárà kọ ilẹ̀kùn náà, ọ̀gá sì ra pákó mìíràn. Nítorí pé ọwọ́ mi ni wọ́n ti bá ìfági, èmi ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ó ń wò mí. Títí di òní, ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní láti lo ẹ̀rọ, ẹ gbé omi sí tòsí, ẹ fi irin kàn án fẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tì í bọ omi kí ó tó gbóná jù fún ọwọ́. Bí ó bá ti di búlúù, ẹ rọra lọ ibẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ sì parí rẹ̀ lórí òkúta. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá sọ pé irin ti yí àwọ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ gbé e bọ́ síta, kí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ wò ó nínú oòrùn.