A Gba Ènì ní Ilẹ̀ Àwọn Cajun

Nínú oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbéra láti Houston, níbi tí a ń gbé, a sì forí lé gúúsù ìpínlẹ̀ Louisiana nínú RV tí a yá, ìyẹn ọkọ̀ ràgàjì tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ẹni tí kò bá wa irú rẹ̀ rí kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í kiri lójú ọ̀nà. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ di márùn-ún mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ti rọ́bà tí wọ́n fi ń tú omi ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, ọkọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́ síbí.

Ìran àwọn ará Faransé tí wọ́n tẹ̀dó sí Acadie, ní agbègbè tí à ń pè ní Nova Scotia ní Kánádà lónìí, ni àwọn Cajun. Ní 1755 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fọ́n káàkiri kí àwọn kan nínú wọn tó ríbi fìdí kalẹ̀ sí ní ẹ̀bá odò àti irà Louisiana. Acadien tí ẹnu gé kúrú ló di Cajun.

Ìlú Breaux Bridge ni mo ti jẹ gumbo, ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana. Wọ́n á da ìyẹ̀fun sínú òróró gbígbóná, wọ́n á máa rò ó láìdáwọ́dúró bí ẹni ń ro àmàlà, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣú, kí wọ́n tó da àlùbọ́sà, ata tútù àti celery sí i, lẹ́yìn náà adìẹ àti sọ́séèjì tí wọ́n fi èéfín yan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti ìhà Kóńgò àti Àǹgólà fi ń pe ilá ni orúkọ ọbẹ̀ náà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kì í fi ilá sí i rárá, tí ó jẹ́ pé ewé igi sassafras tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Choctaw, ẹ̀yà onílẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni wọ́n fi ń mú un ki. Ilá wà nínú tèmi. Mo retí pé kí ó fà, kò fà. Wọ́n ti sè é pa, wọ́n sì bu ìrẹsì funfun sí àárín rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bù sí i, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, ilá alásèpọ̀ ìyá mi ṣì jù ú lọ fíìfíì. Crawfish ńkọ́, tí ó jọ edé ṣùgbọ́n tí èèpo rẹ̀ le? Ọkọ mi, tí ó ti ń fọ́nnu pé ata òyìnbó kì í ta, ni omi ń dà lójú rẹ̀ nídìí tábìlì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé a dé Savoy Music Center ní Eunice, níbi tí Marc Savoy ti ń ṣe àkọ́díọ̀nù, tí àwọn olórin sì máa ń pàdé láti jùmọ̀ ṣeré: àkọ́díọ̀nù, gìtá, fayolíìnì tí í ṣe ìbátan gòjé, àti irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń lù bí agogo. Inú àwo I. K. Dáíró tí bàbá mi ń lù nìkan ni mo ti mọ àkọ́díọ̀nù. Ti Dáíró ń bá ìlù sọ̀rọ̀ ni. Tiwọn ń ṣọ̀fọ̀, akọrin sì ń fi ohùn òkè ké bí ẹni ń sun rárà. Amédé Ardoin, aláwọ̀ dúdú tí ń sọ Faransé, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ orin yìí lélẹ̀. Ní 1929 ni òun àti Dennis McGee, òyìnbó tí ń ta fayolíìnì, jọ kọrin sínú àwo.

Ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti bàbá kan tí ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní ibùdó. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kò gbà á. Bàbá ni mo ń pè é títí a fi pínyà. Ó sọ fún wa pé òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dé ilé ìwé, àti pé ọmọ kíláàsì òun kan tọ̀ sára nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ààyè ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti 1921 ló sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá sọ Faransé, wọ́n á nà án tàbí kí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ léraléra pé òun kò ní sọ ọ́ mọ́. Ní 1968 ni ìjọba kan náà tó dá àjọ CODOFIL sílẹ̀ láti jí èdè náà dìde. Bàbá ní òun kò kọ́ àwọn ọmọ òun, kí ojú má baà tì wọ́n bí ó ti ti òun. Mo sọ ti pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ wa lọ́rùn ní Ìbàdàn bí a bá sọ Yorùbá, èyí tí wọ́n ń pè ní fanákúlà. Ó wò mí, ó béèrè bóyá ọmọ mi ń sọ ọ́. Mo ní ó ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí a ń padà lọ, a yà ra boudin, ìyẹn ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rọ ìrẹsì, ẹran àti ẹ̀dọ̀ sí nínú. Mẹ́fà la san owó rẹ̀. Obìnrin tí ń tà á ju ìkeje sínú àpò, ó ní lagniappe ni. Mo pariwo pé, "Ènì!" Ọmọ mi yíjú sí mi, ó béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ń jẹ́ ènì. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ dé ìdajì kí n tó gbọ́ ara mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ.