Ẹni mímọ́ tó gun kìnnìún lọ bá gómìnà nítorí owó orí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lọ́jà Olú-Òde l'Òṣogbo, tí àyà yín máa ń já tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn tó gbé rìsíìtì dání tí wọ́n ń bọ̀, mo ti bá yín rí ẹni mímọ́ yín o. Mamas lorúkọ ẹ̀. Àwòrán ẹ̀ wà káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Kípírù, erékùṣù tí Bánábà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ti wá. Bánábà gan-an ni wọ́n kà sí alábòójútó gbogbo erékùṣù náà, àmọ́ tó bá di ti àwòrán, ká má parọ́, ó fìdí rẹmi fún ọmọ yìí. Bàbá onírùngbọ̀n tó gbé ìwé dání ni Bánábà, irú wọn sì pọ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Mamas ńkọ́? Ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n ẹ̀, ó jókòó sórí kìnnìún, ó gbé ọ̀dọ́ àgùntàn mọ́ àyà, ó mú ọ̀pá darandaran dání, ara ẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó gun ọ̀kadà láti Òkè-Fìà lọ sí Ìgbọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ ni pé inú ihò àpáta ló ń gbé, ló bá ní òun ò jẹ ìjọba ní gbèsè kankan, òun ò san owó orí, gómìnà rán ṣọ́jà kí wọ́n lọ gbé e wá, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà ni kìnnìún yọ tó ń lé ọ̀dọ́ àgùntàn, Mamas gba àgùntàn sílẹ̀, ó gun kìnnìún, ó gùn ún títí dé iwájú gómìnà. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gun kìnnìún wọ ọ́fíìsì jiyàn rìsíìtì? Gómìnà ní kó máa lọ, kò ní san owó orí mọ́ títí ayé. Mo fi fótò ọ̀kan nínú àwòrán Mamas han ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, ó wò ó dáadáa, ó ní èló ni wọ́n ń ta kìnnìún náà.

Ará Kesaríà ní Kapadókíà ni Mamas, Tọ́kì òde òní nìyẹn, ìgbà Ọba Aurelian ará Róòmù ni wọ́n sọ pé wọ́n pa á. Àmọ́ Kípírù ti sọ ọ́ di ọmọ tiwọn, kódà pósí òkúta kan wà ní Morphou tí wọ́n ní tiẹ̀ ni, omi kan máa ń sun lára ẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó ń wo etí ríro, làwọn èèyàn bá ń so àwòrán etí kọ́ ibẹ̀. Etí o!

Èyí tó wù mí jù ni ti Louvaras, abúlé orí òkè, ṣọ́ọ̀ṣì bíńtín tí Philippos Goul ya àwòrán sí gbogbo ògiri ẹ̀ ní 1495. Iṣẹ́ àwòrán lèmi náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ibi tí àwọn ayàwòrán yìí dojú Mamas kọ. Kìnnìún ń lọ sápá kan, ṣùgbọ́n Mamas ò wo ọ̀nà, àwa ló ń wò. Kìnnìún ò sì sí ní Kípírù, ìyẹn ni mo rò pé ó fà á tí àwọn kan nínú kìnnìún yìí fi ní ojú èèyàn, bíi bàbá tí wọ́n jí lójú oorun. Mi ò rẹ́rìn-ín wọn o, ó dùn ún wò ju kìnnìún gidi lọ.

Lọ́dún 1495 yẹn, Venice, ìlú kan ní Ítálì, ló ń ṣàkóso wọn, wọ́n ti gbà á láti 1489, owó orí àti iṣẹ́ ọba sì wà lọ́rùn àwọn ará oko. Mi ò sọ pé Goul ń bú ìjọba. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Àgbẹ́kọ̀yà lẹ́nu àgbà, 1968 sí 1969, bí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn ṣe ní òkè mẹ́fà péré, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, títí ìbọn fi dún tí ẹ̀mí fi ṣòfò, á mọ ohun tí darandaran máa rò tó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday tó rí Mamas lára ògiri.

Mo fẹ́ ya tèmi. Aṣọ òfì ni màá wọ̀ fún un, àgùntàn ò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ kù sórí kìnnìún, bóyá kí n ya kìnnìún gidi bí èyí tá à ń rí nínú fídíò àbí èyí tó lójú èèyàn, èyí tó lójú èèyàn ló ń wù mí ṣáá.