Gáàsì AC Ọkọ̀ Kì í Tán Bí Epo: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Sanwó Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sanwó gáàsì AC ọkọ̀ mi. Bí ọkọ̀ tìrẹ náà bá ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọ lójú báyìí, jọ̀ọ́ ka èyí kí o tó sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àdìrẹ ni mo ń tà l'Óṣogbo. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni mo ń gba ọ̀nà Gbọ̀ngán kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí AC kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ká wa mọ́ Ọláìyá, màámi sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru! Òógùn bò wọ́n, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́, àyà mi já. Mo yà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń gbé gáàsì sí AC létí títì. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi ìṣó tẹ ẹnu páìpù kan, ó dún ṣìì díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, gáàsì yín ló ti tán." Ó gbé òmíràn sí i, inú ọkọ̀ tutù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó tún gbóná. Èyí tó gbé sí i lẹ́ẹ̀kejì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta lo ọjọ́ méjì péré, compressor, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọlọ tí wọn ò bu omi sí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí. Gáàsì AC kì í jó tán bí epo bẹntiróò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Compressor á fún un pọ̀, á gbóná. Condenser tó wà níwájú rádíétọ̀ á gba ooru náà lára rẹ̀, á di olómi. Á wá gba ojú ihò tóóró kan kọjá, á tutù, á fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra, á sì padà sọ́dọ̀ compressor. Ohun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Lóòótọ́, bó bá pẹ́ lọ́dún, ó lè dín díẹ̀ láti ojú àwọn rọ́bà. Àmọ́ kó tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó ti rí ibì kan gbà jáde nìyẹn. Epo tó ń mú compressor yọ̀ sì ń bá gáàsì yìí rìn ni; bí gáàsì bá ń jò, epo náà lè máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń ké.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lápá Òkè-Báálẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. "Ìyàwó, ṣé afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa, àbí kò fẹ́ rárá?" Bí kò bá fẹ́, ọ̀rọ̀ gáàsì kọ́ nìyẹn, fáànù inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni, tàbí fíùsì rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí kékeré iwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀. "Ṣé ó máa ń tutù bí o bá ń sáré, tí á wá gbóná bí o bá dúró nínú go-slow?" Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo fáànù condenser bóyá ó ń yí. Wọ́n tún ní, "Bí o bá tẹ bọ́tìnì AC, ṣé o ń gbọ́ 'kà' nídìí ẹ́ńjìnnì?" Dídún yẹn ni compressor fi ń sọ pé òun ti gbá mú. Bí kò bá dún, ó lè jẹ́ fíùsì tàbí rélè, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti kéré débi pé swíìṣì tó ń ṣọ́ ọ kò jẹ́ kí compressor ṣiṣẹ́. Tèmi ń dún, á já, á tún dún, á tún já.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n so aago méjì tó ń fi psi wọn agbára gáàsì mọ́ páìpù AC, ọ̀kan ní okùn pupa, èkejì ní búlúù. Nínú irú ooru ọjọ́ náà, ó yẹ kí méjèèjì wà nítòsí 100 psi fún gáàsì R134a tí ọkọ̀ mi ń lò. 40 ni tèmi.

Wọn ò gbé gáàsì kún un kí wọ́n ní kí n máa lọ. Aró ni wọ́n fi sí i! Aró kan wà tí wọ́n ń fà sínú páìpù AC, á máa bá epo yí po, ibi tí gáàsì bá ti ń jò ni aró náà á yọ sí. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tan iná aláwọ̀ elésè-àlùkò kan sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i tó ń tàn yòò, àwọ̀ ewé àtàtà, ní igun ìsàlẹ̀ condenser. Èmi tí wọ́n bí sídìí ìkòkò aró ní ìlú aró, mi ò mọ̀ pé aró lè sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi. Òkúta ojú ọ̀nà ti gbá ibẹ̀, ó sì ti dípẹtà. Ẹni tí kò bá ní irú aró yìí lè fi ìfófòó ọṣẹ wá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò tó bá kéré gan-an lè fara pa mọ́ fún ọṣẹ.

A pààrọ̀ condenser, àwọn rọ́bà ojú ìsopọ̀ àti dryer tó ń fa omi inú gáàsì mu. Wọ́n wọn epo díẹ̀ sí i fún compressor. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde fún ìṣẹ́jú 45, wọ́n pa á, a sì jókòó wo aago bóyá á gbéra. Kò mira. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ibẹ̀ yẹn, nítorí omi tó bá kù nínú rẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé gáàsì sí i, lórí òṣùwọ̀n, ní iye gíráàmù tí wọ́n kọ sábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Èmi rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni á ṣe tutù tó. Irọ́ ni. Bó bá pọ̀ jù, kì í tutù dáadáa, á sì máa ni compressor lára.

Mo bẹ ẹ̀yin òbí tó ń gbé ọmọ sínú ọkọ̀: bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á fi gáàsì ìdáná rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ó ń gbiná. Ẹ má sì fi ìṣó tẹ ẹnu páìpù bíi ti ọmọkùnrin yẹn; nǹkan tó ń hó ní -26°C, tó tutù ju yìnyín lọ, lè ba ojú èèyàn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe jíjò o. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Èmi a máa wò ó báyìí bí mo bá páàkì, inú mi a sì dùn.

Kódà nígbà òjò, mo ń tan AC fún bí ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀, kí epo lè máa kan àwọn rọ́bà náà. Ó tún ń nu ìkùukùu kúrò lójú gíláàsì, màámi á sì máa rí ọ̀nà láti ẹ̀yìn tí wọ́n jókòó sí.