Ẹ kọ iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀

Ẹ̀yin akàndá ẹ̀dá ẹgbẹ́ mi tó fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ ara yín fún aráyé kà, ohun tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí rèé: ẹ má kọ ọ́ kí wọ́n lè káàánú yín. Ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó yẹ kó dáhùn kò fi ní rí ibi sá sí.

Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní kékeré, kẹ̀kẹ́ arọ ni mo sì fi ń káàkiri Èkó. Gbogbo ohun tí mo bá kọ nípa ìrìn àjò mi láàárín ìlú, "pẹ̀lẹ́ o" àti "Olúwa á wò ọ́ sàn" ni àwọn èèyàn fi ń dá mi lóhùn. Ìfẹ́ ni, mo sì ń dúpẹ́. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì ni mo ń sọ.

Nígbà tó yá, mo jókòó kọ ti báńkì kan, láìfi ẹkún kankan sí i. Ìpele àtẹ̀gùn mẹ́fà ló wà níwájú ilé náà, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè. Ilẹ̀kùn oníná tó ń gba ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan kò gba kẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀ṣọ́ ní kí n fún òun ní káàdì àti nọ́ńbà àṣírí mi, kí òun bá mi gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo fi òfin tì í lẹ́yìn, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá wọn pè mí. Wọ́n da kọnkéré gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà lẹ́yìn náà. Ó dagun jù, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò tì mí, ṣùgbọ́n mo ń gòkè. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì tíì dákẹ́.

Òfin wo? Òfin ẹ̀tọ́ àwa akàndá ẹ̀dá ni. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011. Ti gbogbo Nàìjíríà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń jà fún un. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní oṣù Kìíní 2024. Ilé iṣẹ́ tó bá fi bí ara wa ṣe rí yà wá sọ́tọ̀ yóò san ìtanràn 1,000,000 náírà. Níbi tí èrò bá sì ti tò, àwa ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ kà á fúnra yín, torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá tí ẹ ń kọ̀wé sí má tíì kà á rí.

Ohun tó kojú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Àtẹ̀gùn tó ń dá mi dúró, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ afọ́jú ń gùn ún láìsí wàhálà. Àwòrán tí mo bá yà síbẹ̀ ni kò wúlò fún un. Etí ló fi ń kàwé, nípasẹ̀ ètò tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè: TalkBack lórí fóònù, NVDA lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni NVDA yìí, afọ́jú ará Ọsirélíà kan, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Torí náà, ẹ máa kọ ohun tó wà nínú àwòrán sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sísàlẹ̀ fún àwọn adití. Ó máa ń dùn mí gan-an bí akàndá ẹ̀dá bá kọ ohun tí akàndá ẹ̀dá mìíràn kò lè kà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ ẹ̀ṣọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún un, òun kọ́ ló sì kọ́ ilé náà. Ẹni tó lè pe bíríkìlà wá ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara yín.