Ta Ni WordPress Yìí?

Ìyá Aláró ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Èmi sì ni ọmọ tí gbogbo ẹbí gbà pé ó mọ kọ̀ǹpútà, torí pé mi ò kì í gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ò jùyẹn lọ. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe wẹ́ẹ̀bù sáìtì, àmàlà láfún ti wà níwájú mi, ẹran sì pọ̀ lórí ẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?

Mo mú theme ọ̀fẹ́ kan, ìyẹn àwòṣe sáìtì tí wọ́n ti tò sílẹ̀, lórí WordPress, mo kó fọ́tò àdìrẹ sí i, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n ń fi ìka ti ojú ìwé náà lọ sókè, wọ́n ń mi orí. Inú mi ti ń dùn. Àfi bí wọ́n ṣe dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó kọ "Proudly powered by WordPress" sí.

"Ta ni WordPress yìí?"

"Òun la fi ṣe sáìtì náà, mà."

"Ṣé òun ló ń bá mi rẹ aṣọ ni?"

"Rárá o, mà."

"Ó bá mi dá owó ṣọ́ọ̀bù?"

"Rárá, mà."

"Yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Wọn ò tíì tán. Wọ́n ní ẹ̀yìn ojú ìwé náà funfun jù, àfi bíi sáìtì ilé ìwòsàn. Àwọ̀ aró làwọn fẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Additional CSS. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń pàṣẹ fún sáìtì nípa bó ṣe máa rí. Mo kọ `background-colour: indigo;` sí i fún `body`, ìyẹn ara ojú ìwé náà lódindi. Kò sí nǹkan tó yí padà. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo pa fóònù, mo tan án. Ó tó wákàtí méjì kí n tó mọ̀ pé `color` ti Amẹ́ríkà nìkan ni nǹkan yìí gbọ́, kò mọ u kankan. Èmi tí tíṣà fún ní ẹgba mẹ́ta ní pírámárì torí u yẹn kan náà! Mo yọ u, gbogbo ẹ̀yìn ojú ìwé yí padà lójú ẹsẹ̀.

Ó yí padà sí elésè àlùkò. Indigo tí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà, #4B0082 ni nọ́ńbà ẹ̀, kò jọ ohunkóhun tó tinú ìkòkò aró jáde rí. Mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n pè mí padà kíá: "Ṣé àwọn bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo fẹ́ máa tajà fún ni?" Mo bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà kiri títí mo fi dé #1B2A5C. Wọ́n ní ìyẹn rẹ díẹ̀.

Ó wá ku ọ̀gbẹ́ni WordPress. Mo ti kà á pé apá kọ̀ọ̀kan ojú ìwé ló ní orúkọ, pé ìsàlẹ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yìí jókòó sí ń jẹ́ `site-footer`, àti pé téèyàn bá sọ fún un pé `display: none`, á fara pamọ́. Ó rọrùn. Mo fi ìka kan orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí fóònù lè dà á kọ. Fóònù mú `site`, ó fi ìlà kékeré àárín àti `footer` sílẹ̀ síbẹ̀. Oorun ti ń kùn mí, mi ò wò ó. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo tẹ Publish, mo sùn.

`.site`, kí ẹ lè mọ̀, ni àpótí tó gbé gbogbo ojú ìwé náà dání látòkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ pa iná kíṣìnnì, mo lọ já wáyà lórí òpó.

Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni fóònù dún.

"Oníbàárà mi tó wà ní London ní òun ò rí aṣọ. Ó ní aró lásán lòun rí, bí ìgbà tóun yọjú wo inú ìkòkò."

Mo ṣí i. Òótọ́ ni. #1B2A5C látòkè délẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí iye owó, kò sí nọ́ńbà fóònù. Mo gbà pé ọmọ yàhúù kan ló ti jà wá lólè. Mo yẹ dátà wò, ó ṣì kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Ìyá Aláró pé ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì London ni.

"Kí lo fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn?"

"Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ sí i, mà. Láti bo orúkọ yẹn."

"O bò ó? Báwo lo ṣe fẹ̀ ẹ́ tó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ bá dé ló ń wò. Ìwọ da gbogbo abọ́ ẹ̀kọ lé e lórí. Lọ ha á kúrò."

Mo pa ìlà náà rẹ́. Aṣọ padà dé, iye owó padà dé, nọ́ńbà fóònù padà dé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú fóònù, wọ́n ń ti ojú ìwé lọ sókè títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

"Hẹn. Òun náà ti dé."

"Ẹ má bínú, mà. Mo máa tún un ṣe lálẹ́..."

"Má fọwọ́ kàn án mọ́! Jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá wá gba owó lọ́wọ́ mi, ìwọ ni màá júwe fún un."